Alága Tó Ní Òun Ló Kọ Gbogbo Ìlà

Ẹni tó bá ní etí kó yá mi lò díẹ̀. Ìtàn yìí kò gùn. Orúkọ oyè ọkùnrin inú rẹ̀ ló gùn. Evert-Jan Ruitenschild ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Friesland, lọ́hùn-ún nílẹ̀ òyìnbó, níbi tí dókítà tó ń la ikùn èèyàn ti ń jẹ́ orúkọ àbísọ lẹ́nu aláìsàn, tí olórí ìlú ń gun kẹ̀kẹ́ lọ ra búrẹ́dì, òun nìkan ló ní kí wọ́n máa pe òun ní Ọ̀gbẹ́ni Alága. Bó bá fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ọ, "Mo ti rí i" lè jẹ́ gbogbo ohun tó ní í sọ, àmọ́ lábẹ́ rẹ̀ ni wàá ti ka ìlà mọ́kànlá nípa ẹni tó rí i.

Kí ló jẹ́ alága lé lórí? Ìwé ìlànà ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Ẹ̀rọ ló ń fa omi kúrò lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru, bí ẹ̀rọ bá sì sinmi, àgùntàn á kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Àwọn abúlé kéékèèké kan ló kó ara wọn jọ, wọ́n ṣe ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ omi wọn, wọ́n sọ ọ́ ní Ẹsẹ̀-Gbígbẹ, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó tàbí tún un ṣe. Ìwé ìlànà rẹ̀ náà, àjọkọ ni. Inú ètò kan tí kì í gbàgbé ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí: ìlà kọ̀ọ̀kan mọ ẹni tó kọ òun, ọjọ́ tó kọ òun, àti ìdí tó fi kọ òun. Ẹni tó bá gba ìwé náà sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sì gba gbogbo ìtàn rẹ̀ mọ́ ọn.

Harmen Harkema ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé náà. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ló fi kọ ọ́, lórí ìdúró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, pẹ̀lú ìka tó ti kú fún òtútù. Ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, ó kú. Ọjọ́ mẹ́ta kó tó kú, ó di ìyàwó rẹ̀ Sjoukje lọ́wọ́ mú nílé ìwòsàn.

"Sjoukje, ojú ìwé òtútù. Ìlà igba ó lé méjìlá. Mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn omi. Ilẹ̀kùn ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tì. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ tí ilẹ̀kùn ṣì ṣí, gbogbo omi tí wọ́n ti fà jáde á padà wọlé."

"Ọdún mélòó ló ti wà bẹ́ẹ̀?"

"Mẹ́sàn-án. Àwọn àgbà mọ iṣẹ́ náà lọ́wọ́, wọn kì í ka ìwé. Ẹni tuntun ló máa kà á. Bá mi tún un ṣe."

Ohun tí Sjoukje gbé kúrò nílé ìwòsàn náà nìyẹn, pẹ̀lú bàtà ọkọ rẹ̀ àti awò ojú rẹ̀: ìlà kan ṣoṣo. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni. Ìṣirò ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ kó tó fẹ̀yìn tì, kì í sì í fi iṣẹ́ àṣetiléwá sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ó kọ̀wé sí Ubbo, ọkùnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ńlá tí ìwé náà wà lórí rẹ̀. Ubbo dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. "Kò le rárá, Ìyá. Ẹ ní kí kọ̀ǹpútà yín rọ kọ́kọ́rọ́ méjì fún yín, lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn lásán ni wọ́n. Ẹ fi ọ̀kan pamọ́, ẹ má fi han ẹnikẹ́ni, àní èmi. Ẹ fi ìkejì ránṣẹ́ sí mi, màá gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ tí ẹ bá dé, ilẹ̀kùn á dá yín mọ̀."

Kọfí Sjoukje kò tíì tutù tó fi rọ kọ́kọ́rọ́ náà tán lórí tábìlì ilé ìdáná. Ó kù díẹ̀ kí Ubbo gbé e kọ́, ni Ọ̀gbẹ́ni Alága bá gbọ́.

Ẹ̀yin lè béèrè pé kí ló dé tí Ubbo kò kàn tún ìlà náà ṣe fúnra rẹ̀. Òfin ni. Alága ti pàṣẹ pé ẹni tó ń tọ́jú ìwé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ṣé kò wá sí fèrèsé tí àlejò lè gbà fi àbá ránṣẹ́? Ó wà rí. Alága ti dí i, nítorí pé àbá tó ń gba ibẹ̀ wọlé kò mú orúkọ oyè dání.

Ní ìpàdé oṣù Kejìlá, ó dìde níwájú ìgbìmọ̀ rẹ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún, ó sì wúkọ́ díẹ̀.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá, omi ń bẹ lẹ́yìn odi, ewu ń bẹ lẹ́yìn omi, ìwé ìlànà wa ló sì dúró láàárín ìran wa àti àwọn méjèèjì. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹnikẹ́ni gba inú ilé ìdáná rẹ̀ wọ inú irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí kọfí rẹ̀ tó tutù?"

"Kò yẹ, Alága," ni akọ̀wé wí. Akọ̀wé yìí máa ń kọ "ọ̀rọ̀ ọgbọ́n" sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé kí Alága tó la ẹnu, kó má baà pẹ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe ṣòfin ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á kọ́kọ́ kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀. Á wá ẹlẹ́rìí méjì tí kì í ṣe ẹbí. Á tẹ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sórí bébà, á gbé e wá fúnra rẹ̀, wọn á sì kà á sókè níwájú ìgbìmọ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, títí dé òpin. Mi ò ní ka ìyókù fún yín. Mo fẹ́ kí ẹ parí ìtàn yìí láyé.

Kọ́kọ́rọ́ kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun tí ọmọ èèyàn ń kà. Ó ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lẹ́tà àti nọ́ńbà lọ, kò sì sí ọ̀kan tó mọ èkejì rí. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀. "A ńlá. A ńlá. B kékeré. Mẹ́ta. Q ńlá. Z kékeré..."

"Ọ̀gbẹ́ni Alága," ni Sjoukje sọ jẹ́ẹ́, "kọ̀ǹpútà ló máa ń ka nǹkan yìí. Kò sẹ́ni tó ń fẹnu kà á."

"Àìsàn ìgbà wa gan-an lẹ fọwọ́ kàn yẹn, Ìyáàfin. Ẹ̀rọ ń kàwé, èèyàn ò kà. Akọ̀wé, ẹ máa bá a lọ."

Nígbà tó tó lẹ́tà ọ̀ọ́dúnrún, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ sín. Akọ̀wé sọ ibi tó dé nù. Alága pàṣẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé odi tí wọ́n bá fò bíríkì kan níbẹ̀, odi kọ́ nìyẹn mọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, aago kọfí lù. Wọ́n ṣí agolo bisikíìtì, oníkálukú mú ẹyọ kan, wọ́n tún pa agolo dé kí ẹnikẹ́ni tó wo èkejì. Wọ́n sún ìkàwé náà sí oṣù Kìíní. Ní oṣù Kìíní, wọ́n rí i pé Sjoukje kò kọ ọjọ́ sórí bébà náà lọ́nà tí Alága fẹ́.

"Ẹ kò lè fi pẹ́nì kọ ọ́ kún un ni?" ni Sjoukje béèrè.

"A lè kọ ọ́," ni Alága dáhùn, "ní oṣù Kejì."

Ní àkókò yìí kan náà, nǹkan mìíràn ti wà lọ́kàn Ọ̀gbẹ́ni Alága. Lọ́dọọdún, kí wọ́n tó ṣọjọ́ ìbí ọba, àwọn olórí ìlú máa ń fi rìbọ́nì ọba sí àyà àwọn tó ti sin ìlú tọkàntọkàn. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fún kì í mọ̀. Ẹbí àti ọ̀rẹ́ ló máa ń parọ́ fún un, wọ́n á ní kó wá wo òrùlé tó ń jò, wọ́n á ní ẹnì kan ṣàìsàn, kó tó mọ̀, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé dámọ̀ràn ẹni náà. Evert-Jan kọ èyí tó dámọ̀ràn Evert-Jan fúnra rẹ̀, akọ̀wé sì bu ọwọ́ lù ú. Fọ́ọ̀mù náà wá béèrè ìbéèrè kan tí kò dára: kí ni ẹni yìí ṣe, kí sì ni ẹ̀rí?

Ó ránṣẹ́ pe Ubbo.

"Ubbo, wọ́n ní ètò yìí lè fi orúkọ ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan hàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alága."

"Ìlà mélòó ló ní orúkọ tèmi?"

Ubbo tẹ nǹkan, ó wò ó, ó sì tún un wò nítorí àánú. "Ọ̀kan. Ojú ìwé àkọ́kọ́, níbi tí ẹ ti kọ orúkọ yín."

Alága rìn lọ sẹ́nu fèrèsé. "Bí ọba bá kọ́ ààfin, ṣé orúkọ bíríkìlà la fi ń pè é?"

"Ẹ fẹ́ kí n pa ìtàn rẹ́."

"Mo fẹ́ kí o tún un ṣe. Kí orúkọ mi wà ní gbogbo ìlà."

"Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mi pé ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Tayọ̀tayọ̀."

"Gbogbo ìlà ni, Alága? Tó fi mọ́ èyí tí kò dáa?"

"Nínú ìwé tí mo jẹ́ alága rẹ̀, Ubbo, kò sí èyí tí kò dáa."

Mo ti rí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kòtò tó jìn sí. Èyí ni mo kọ́kọ́ rí tó fi okùn wọn ara rẹ̀ ná, kí kòtò náà má baà há.

Kò gba Ubbo ju wákàtí kan lọ. Láàárọ̀, Harmen wà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìlà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, kò sí níbì kankan. Ẹni tó bá ti sin èèyàn rí mọ̀ pé orí òkúta ibojì nìkan kọ́ la ti ń wá orúkọ òkú wa. A máa ń wá a nínú ìwé gbèsè ọjà, lẹ́yìn àwòrán, nínú fóònù tí a kò lè pa. Inú ìwé ìlànà ni Sjoukje máa ń lọ láràárọ̀, á ṣí ojú ìwé kan, á ka ọjọ́ tí Harmen kọ ọ́, á sì rántí ohun tí wọ́n sè lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, Evert-Jan ló bá níbẹ̀.

Ó pe Alága lórí fóònù. "Ọkọ mi kú lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kọkànlá. Ta ló fún yín láṣẹ láti tún un pa?"

"Ìyáàfin," ni Alága wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ẹni tó ń gbàdúrà ní gbangba, "ìrántí ọkọ yín wà nínú ọkàn gbogbo wa. Ìdí nìyẹn tí kò fi nílò àyè nínú ìwé mọ́."

"Ìlà igba ó lé méjìlá ńkọ́?"

"Igba ó lé méjìlá." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ó wà nínú ètò ìpàdé oṣù Kẹta."

Yìnyín kò dúró de oṣù Kẹta. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejì, odò dì. Ní abúlé Aldezijl, ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ẹ̀rọ omi ṣe ohun tí ọmọlúàbí òṣìṣẹ́ máa ń ṣe: ó ka ìwé ìlànà. Ó ṣí ojú ìwé òtútù, ó fi ìka tẹ̀ lé e dé ìlà igba ó lé méjìlá, ó pa ẹ̀rọ, ó sì lọ ti ilẹ̀kùn omi. Ilẹ̀kùn ti dì mọ́ ibi tó wà. Kó tó fi òòlù gbá a kúrò, omi tí wọ́n ti ń fà jáde láti ọjọ́ Ajé ti padà wá kí wọn nílé. Ó wọ ogójì ilé. Ó wọ ilé tí Sytse àgbẹ̀ kó irúgbìn pòtétò sí. Pákó ilẹ̀ gbọ̀ngàn abúlé wú bí ẹni jẹ àjẹyó. Kò sẹ́ni tó kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ àgùntàn ọgbọ̀n dúró lórí odi láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, wọ́n ń wo àwọn èèyàn tìkàtẹ̀gbin.

Ní oṣù Kẹrin, lẹ́tà dé ilé Ruitenschild. Ilé-iṣẹ́ omi, tó ń bójú tó odi àti odò ilẹ̀ náà, ní kó wá jẹ́rìí níwájú ìwádìí lórí omi tó ya wọ Aldezijl. Ọjọ́ tí wọ́n dá ni ọjọ́ rìbọ́nì gan-an. Alága ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Machteld, wọ́n gbìyànjú. Mo gbọ́dọ̀ gbà fún wọn."

Machteld ìyàwó rẹ̀ gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá Liesbeth, ìwádìí ni wọ́n kọ síbí."

"Kí lo rò pé wọ́n á kọ? Ẹ wá gba rìbọ́nì?"

"Wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀sùn síbẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ mú lọ́yà dání tó bá wù yín."

"Ibi tó ti dùn nìyẹn. Lọ́yà." Ó nu omi ẹ̀rín kúrò lójú. "Irọ́ tí wọ́n pa fún olórí ẹgbẹ́ akọrin lọ́dún tó kọjá, ológbò ni wọ́n ní ó há sórí igi. Èmi, ìwádìí odidi ilé-iṣẹ́ omi. Irọ́ a máa tó ẹni tí wọ́n pa á fún."

"Tó bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?"

"Bá mi fi irin lọ ẹ̀wù kóòtù dúdú mi. Apá òsì àyà ni kó o tẹ irin mọ́ dáadáa."

Gbọ̀ngàn ilé-iṣẹ́ omi kún lọ́jọ́ náà. Inú Alága dùn pé àwọn ará Aldezijl wá tó báyẹn, àní àwọn tí omi ba ilé wọn jẹ́. Ó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó gbà pé wọ́n mọ àṣírí pa mọ́. Lórí tábìlì, níwájú Geeske Tamminga, olórí ilé-iṣẹ́ omi, àpótí kékeré pẹlẹbẹ kan wà. Ojú Alága kò kúrò lára rẹ̀ mọ́.

"Ìwé ìlànà Ẹsẹ̀-Gbígbẹ," ni Geeske bẹ̀rẹ̀. "Ta ló kọ ọ́?"

Alága wo ilẹ̀. "Ìrẹ̀lẹ̀ kò jẹ́ kí n dáhùn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìrẹ̀lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ètò tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí ní ẹ̀yin ni."

"Bí ètò bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ta ni mí tí màá fi bá a jiyàn?"

"Gbogbo rẹ̀?"

"Láti èèpo iwájú dé èèpo ẹ̀yìn."

"Àwọn kan sọ fún wa pé ẹ ní olùrànlọ́wọ́."

"Olórí tó dáa máa ń jẹ́ kí àwọn èèyàn rò bẹ́ẹ̀."

"Ojú ìwé òtútù náà?"

"Á à, ìyẹn." Ó fọwọ́ pa àyà kóòtù rẹ̀. "Òtútù mú mi gan-an nígbà tí mò ń kọ ọ́."

"Ìlà igba ó lé méjìlá ńkọ́?"

Alága kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Àmọ́ nọ́ńbà náà ń ta sí i létí. Ó dá a lójú pé ẹnì kan ti fi ìtara sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún òun rí. "Tí ẹ bá ní kí n mú ìlà kan ṣoṣo nínú gbogbo iṣẹ́ mi," ó wí, "òun ni màá mú. Òun ni adé orí rẹ̀."

Machteld, tó jókòó sẹ́yìn tòun ti kóòtù lọ́rùn, di ojú rẹ̀. Geeske fa àpótí pẹlẹbẹ náà mọ́ra. Alága na àyà síwájú díẹ̀. Geeske ṣí i, ó mú awò ojú jáde nínú rẹ̀, ó gbé e wọ̀, ó sì kà: "Pa ẹ̀rọ, kí o tó ti ilẹ̀kùn omi."

"Ó kúkú jẹ́wọ́," ni Sytse sọ láti ìjókòó iwájú. "Ilé pòtétò mi ṣì ń rùn títí dòní olónìí, Adé-orí."

Alága fa àyà rẹ̀ padà sẹ́yìn. "Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Harmen Harkema."

"Orúkọ Harmen kò sí nínú ìwé."

"Ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Ta ló yọ ọ́?"

Ẹ wo ibi tí ọkùnrin yìí dúró sí. Lápá ọ̀tún, omi. Lápá òsì, irọ́. Ó yan ẹ̀kẹta, bí àwọn ẹni ńlá ti máa ń ṣe. "Ubbo ni," ó wí.

Ubbo kò bínú. Ó yọ bébà tó tẹ ímeèlì Alága sí jáde lápò, ó sì gbé e fún Geeske. "Ọ̀rọ̀ gidi wà ní ìlà àkọ́kọ́," ó wí. "Ìyókù, orúkọ ni."

Geeske ka ìlà àkọ́kọ́, ó fi bébà náà sílẹ̀, ó sì yíjú sí obìnrin àgbà kan tó ti dìde lẹ́bàá ògiri. "Ìyáàfin Harkema, ẹ lè jókòó. Ẹ̀bi náà ti rí ẹni tó ni ín. Yálà ó kọ ọ́ tàbí ó jí i, ó ti fẹnu ara rẹ̀ gbà á."

"Kì í ṣe tirẹ̀," ni Sjoukje sọ. "Ti ọkọ mi ni."

Kò sẹ́ni tó retí ìyẹn, Alága gan-an ni kò retí rẹ̀ jù.

"Mo ní ẹ̀dà ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà Harmen tó wà lọ́wọ́ mi yìí," ni Sjoukje ń bá a lọ, "ìtàn rẹ̀ sì pé síbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ dá a padà."

"Ẹ mọ̀ pé tí a bá dá a padà, orúkọ ọkọ yín ló máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tó mú omi wọ ilé àwọn èèyàn yìí?"

"Mo mọ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìlà ló kọ. Tí ẹ bá fún ọkùnrin yìí ní ọ̀kan tí kò tọ́, ẹ ti fún un ní ìyókù nìyẹn. Ọkọ mi ló kọ èyí tó tọ́, òun náà ló kọ èyí tí kò tọ́. Mo bá a gbé fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ẹ má gbé ẹni tí kò ṣàṣìṣe rí lé mi lọ́wọ́, mi ò ní dá a mọ̀."

Sytse yí ojú padà wò ó. "Harmen ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tú ẹ̀rọ palẹ̀, Ìyá. Ẹ jókòó. Mi ò bá a jà."

Ní ilẹ̀ yìí, wọn kì í lé èèyàn. Òdòdó ni wọ́n máa ń gbé fún un. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ fún Evert-Jan ní ìdì tùlíìpù ńlá kan, akọ̀wé ka ọ̀rọ̀ ìyìn tó gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, wọ́n sì yan ẹlòmíràn sórí àga kí Evert-Jan tó parí ìdáhùn rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi dáhùn. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, wọ́n ti to àga lé ara wọn yí i ká, àga tó jókòó lé nìkan ló kù. Rìbọ́nì ọdún náà, obìnrin kan tó ti ń gbá yìnyín orí odò fún àwọn ọmọdé fún ọgbọ̀n ọdún ló gbà á. Ológbò ni wọ́n fi tàn án.

Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ ìwádìí yẹn, kí gbọ̀ngàn tó tú, Ubbo jókòó ti Sjoukje lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n dá ìtàn inú kọ̀ǹpútà Harmen padà sórí kọ̀ǹpútà ńlá, ìlà tẹ̀ lé ìlà. Ubbo gbé kọ́kọ́rọ́ ìyá náà kọ́ ẹnu ọ̀nà láìbi ẹnikẹ́ni. Sjoukje ṣí ojú ìwé òtútù. Ó fi ilẹ̀kùn síwájú, ó fi ẹ̀rọ sẹ́yìn, ó sì tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tó ń máàkì ìdánwò. Lẹ́yìn náà, ètò béèrè ìdí tó fi yí i padà, bó ti máa ń bi gbogbo èèyàn.

Ó ronú pẹ́. Ubbo wo ibòmíràn. Ohun tí Sjoukje kọ síbẹ̀ nìyí, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ìwé náà lè kà á lábẹ́ orúkọ tọkọtaya náà:

"Harmen ní kí n tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ó pẹ́ lọ́wọ́ mi."